"Tutù" yìí ń dà wá láàmú nínú ilé o: ata tútù, ọjà tutù, ọmọ tó tutù

Ìyá Ìbejì Leeds kọ:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ìbejì mi ti pé ọdún 8, ìlú Òyìnbó níbí la bí wọn sí, Yorùbá ni mo sì fẹ́ kí wọ́n máa sọ nínú ilé. Ní Sátidé mo ní kí Táyé bá mi gbé ata tútù tó wà létí wíńdò wá, ó fọwọ́ kàn án, ó ní "Mọ́mì, kò tutù o, oòrùn ti ń pa á láti àárọ̀". Mo ṣàlàyé pé ata tútù ni ata tí wọn ò tíì sá gbẹ, ó gbà. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni màmá mi pè láti Ìbàdàn, wọ́n ń sọ ti ọmọbìnrin kan tí wọ́n fẹ́ kí àbúrò mi fẹ́, wọ́n ní ọmọ náà tutù bí omi àmù. Kẹ́hìndé tó ń gbọ́ ọ lórí fóònù ní kí la fẹ́ fi ẹni tó tutù ṣe, torí ní súkúù tiwọn ẹni tí wọ́n bá pè ní "cold", ẹni tí kò láàánú tí kì í rẹ́rìn-ín séèyàn ni. Mo fẹ́ dá a lóhùn ni màmá mi tún ní ọjà tutù lọ́sẹ̀ yìí, àwọn kàn ń jókòó ni. Ọ̀rọ̀ wá pọ̀ lẹ́nu mi. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe máa to èyí fún ọmọdé tó fi máa yé e?

Alátà Bódìjà kọ:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Ọlọ́run á dá wọn sí. Ata ni mo ń tà, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí lọ́jà. Omi ara nkan là ń sọ, kì í ṣe bó ṣe rí lọ́wọ́. Rodo, tàtàṣé, ṣọ̀ǹbọ̀, tí omi ẹ̀ bá ṣì wà nínú ẹ̀, tútù ni, kódà kó wà nínú oòrùn ọ̀sán. Tí wọ́n bá ti sá a tó ń dún pẹkẹpẹkẹ nínú àpò, gbígbẹ nìyẹn. Àgbàdo tútù bẹ́ẹ̀, ewé tútù bẹ́ẹ̀, igi tútù tó máa ń rú èéfín síni lójú bẹ́ẹ̀. Aṣọ tẹ́ ẹ fọ̀ tí kò tíì gbẹ, ó ṣì tutù. Torí ẹ̀ ni ẹja tó dì gbagidi nínú fíríìsà kì í fi í ṣe ẹja tútù lọ́dọ̀ wa, ẹja áìsì la máa ń pè é, ẹja tútù lèyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lódò, tójú ẹ̀ ń dán, tẹ́ ẹ bá ṣí ìdí etí ẹ̀ ẹ máa rí i tó pupa. Kẹ́ ẹ sì bá mi sọ fún Táyé pé ata kì í gbóná lẹ́nu o, ó máa ń ta ni.
Ti ọjà tó tutù, ìyẹn lọjọ́ tí èèyàn á to ata ẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀, á wọ́n omi sí i, á máa lé eṣinṣin títí ata á fi máa rọ, tí ẹnikẹ́ni ò ní dúró bèèrè "èló?" Àmọ́ ẹ má kọ́ wọn pé ọjà gbóná ni òdì-kejì ẹ̀ o, tí wọ́n bá ní ọjà gbóná, owó ẹ̀ ló lọ sókè. Ọjà yá la máa ń sọ.

Tíṣà Èdè kọ:
Màmá Alátà ti sọ ọ́ dáadáa. Èyí tó máa ń ṣe àwọn ọmọ tó dàgbà sókè òkun ni "mo tutù". Òtútù bá ń mú wọn, wọ́n á ní "mo tutù", kì í ṣe bẹ́ẹ̀, òtútù ló máa ń múni, bí ebi ṣe ń pani. Àìsàn àyà tí òyìnbó ń pè ní pneumonia náà, òtútù àyà la máa ń pè é. Ẹni tó ní òun tutù, bóyá òjò pa á, bóyá ìwà ara ẹ̀ ló ń sọ. Kẹ́ ẹ tún jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn ẹ̀: omi náà tutù, àmọ́ omi tútù.
Fún Kẹ́hìndé, ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí tó parí ní 1884. Mátíù 5:5, alábùkún-fún làwọn ọlọ́kàn tútù. Nọ́ḿbà 12:3, Mósè ló ní ọkàn tútù ju gbogbo èèyàn lọ. Wọ́n wá dé Ìfihàn orí 3, wọ́n bá ìjọ Laodíkíà wí pé kò gbóná, bẹ́ẹ̀ ni kò tutù, tutù ibẹ̀ yẹn kì í ṣe ti Mósè rárá.

Ọmọ Olómi Tútù kọ:
Ará Òṣogbo ni mí, inú ilé olórìṣà ni wọ́n bí mi sí, ẹ jẹ́ n sọ tiwa. Àdúrà tí màmá wa máa ń ṣe láàárọ̀, wọ́n á bu omi tútù, wọ́n á ta á sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, "ilé á tutù, ọ̀nà á tutù". Ilé tó bá gbóná, ìjà ló wà níbẹ̀ tàbí àìsàn, ẹ ṣáà mọ̀ pé nígbà tí ìgbóná, tí òyìnbó ń pè ní smallpox, ń pa èèyàn, ilẹ̀ẹ́gbóná làwọn àgbà ń pè é, wọn ò fẹ́ dárúkọ òrìṣà tó ni ín. Omi inú ìgbín ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rọ̀, torí ìgbín ò bá ẹnikẹ́ni jà.
Lọ́dún kan nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ará Kúbà kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ta omi sílẹ̀, ó ń sọ pé "omi tutu, ana tutu, tutu ilé, tutu Laroye". Ohùn ẹ̀ ò lọ sókè sódò bíi tiwa, àmọ́ kò sí èyí tí kò yé mi níbẹ̀, ọ̀nà ló di "ana" yẹn, oríkì Èṣù sì ni Laroye. Omi bọ́ lójú mi. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ló gbé e dé ibẹ̀, tó sì di òní kò tíì sọnù. Tí olórìṣà bá kú lọ́dọ̀ wọn, ètò tí wọ́n máa ń ṣe fún un, "itutu" ni wọ́n ń pè é.

Bàbá Àdùkẹ́ kọ:
Gbogbo ẹ̀ dáa, àmọ́ ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan kún un torí ó dùn mí. Ọmọ mi obìnrin kì í jókòó, láti àárọ̀ á ti máa sáré kiri ilé. Ní ọjọ́ kan ó kàn tutù, kò bèèrè oúnjẹ, kò bá ẹnikẹ́ni jà. A gbé e lọ sílé ìwòsàn kan, ẹni tó gbà wá ní "ẹ ò rí bó ṣe tutù, ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni", ó ní ká dúró. A dúró títí. Ìyá ẹ̀ fọwọ́ kan ọrùn ẹ̀, ara ẹ̀ ń gbóná bí iná, ọmọ yẹn sì tutù. Ibà ni, ó ti wọ̀ ọ́ lára jìnnà kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò. Ọlọ́run ló yọ wá. Látìgbà yẹn tí wọ́n bá ní ọmọ kan tutù, ohun tí mo máa ń bèèrè ni pé ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn àbí òní ló bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Leeds kọ:
Bàbá Àdùkẹ́, ẹ kú ewu ọmọ o, a ò ní rírú ẹ̀ mọ́. Mo ka gbogbo ẹ̀ sí wọn létí lálẹ́ àná, ibi ti ará Kúbà yẹn ni Táyé ní kí n tún kà, ó ti ń ta omi sẹ́nu ọ̀nà wa báyìí, capeti ti rin. Kẹ́hìndé ló gba fóònù nígbà tí màmá mi pè láàárọ̀ yìí, ó kí wọn, ó wá ní "Màmá àgbà, ṣé ọjà ò tutù lónìí?" Màmá mi dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n ní rárá o ọkọ mi, ọjà yá, rodo ti tán kí oòrùn tó mú.