Mọ́tò bọ̀gìnnì tó kéré: ẹ gbọ́ tèmi náà

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ka ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ pé àwọn tó ń ṣe mọ́tò bọ̀gìnnì ò yẹ kó máa ta hatchback (mọ́tò kékeré tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ẹ̀ ń ṣí sókè) àti jíìpù kékeré torí ó ń dójú ti orúkọ wọn. Èmi ò gbà o. BMW 1 Series àkọ́kọ́, èyí tó jáde ní 2004, mo wà á pẹ́ dáadáa. Ẹ̀yìn ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ láyè lóòótọ́, ilẹ̀ àárín yọ sókè débi pé ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ní láti ya ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà ẹ̀yìn gbà kọjá. Àwọn hatchback ẹgbẹ́ ẹ̀ nígbà yẹn, táyà iwájú ló ń fà wọ́n, BMW ló kọ̀ tó ní tẹ̀yìn lòun máa lò. Àmọ́ ẹ wà á wọ kọ́nà kẹ́ ẹ wò ó! Sítíárìn ẹ̀ wúwo díẹ̀ lọ́wọ́, tẹ́ ẹ bá fún un níná ẹ ó mọ̀ pé ẹ̀yìn ló ti ń tì yín lọ, iwájú á kàn máa gba ibi tẹ́ ẹ bá ní kó gbà. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ.

Ìgbà tó yá ni mo wá ra crossover kékeré kan, ìyẹn irú jíìpù kékeré yẹn, mi ò ní dárúkọ àwọn tó ṣe é. Lógò iwájú ẹ̀ tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ẹ gbá ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀, ike líle ló máa dún kpà kpà, ariwo táyà ń gba abẹ́ ìjókòó wọlé, gíà á sì jà kó tó bọ́ láti wáànù sí túù. Ọjọ́ tí mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ló fi hàn mí pé orúkọ iléeṣẹ́ mọ́tò pọ́ọ́kú ló wà lára ọ̀pọ̀ nkan ibẹ̀. Owó lógò ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, ó ṣì ń dùn mí.

Kì í ṣe pé wọ́n pín ìpìlẹ̀, ìyẹn abẹ́ mọ́tò tí wọ́n ń kọ́ ìyókù lé, lò ló burú o. Audi A3 ti 1996 àti Volkswagen Golf tó tẹ̀ lé e, orí ìpìlẹ̀ kan náà ni, síbẹ̀ A3 dúró dáadáa. Cadillac Cimarron ti 1982 ńkọ́? Chevrolet Cavalier, mọ́tò pọ́ọ́kú, tí wọ́n kàn wọṣọ fún ni, kò kọjá 1988. Cygnet tí Aston Martin ṣe ní 2011, Toyota iQ ni, ẹ́ńjìnnì lítà 1.3, nígbà tó fi máa di 2013 ó ti wọlẹ̀.

Ẹ wá wo Mercedes A-Class ti 1997. Wọ́n ṣe ìdánwò fún un ní Sweden pé kó yí bìrí yẹra fún nkan, ló bá dojú dé. Mercedes dá títà ẹ̀ dúró, wọ́n tún abẹ́ ẹ̀ ṣe, wọ́n fi ESP tó ń di mọ́tò mú tó bá fẹ́ yọ̀ sí gbogbo ẹ̀. Ìpele méjì ni ilẹ̀ mọ́tò yẹn tẹ́lẹ̀, tó bá forí sọ nkan ẹ́ńjìnnì á yọ̀ lọ sábẹ́ dípò kó wọlé bá ẹni tó jókòó síwájú. Irú làákàyè bẹ́ẹ̀ lowó mi ń wá!

BMW fúnra wọn ti yí 1 Series sí táyà iwájú ní 2019, àyè pọ̀ sí i lẹ́yìn, ohun tí mo tìtorí ẹ̀ fẹ́ràn tèmi ló bá a lọ. Ẹni tó bá ti wa Lexus LBX, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ tiyín. Mo mọ̀ pé ìpìlẹ̀ Toyota Yaris Cross ló wà lábẹ́ ẹ̀, ṣé tẹ́ ẹ bá ti ilẹ̀kùn ẹ̀, ó ń dún bíi Lexus?