Géèmù mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ kò tó nǹkan: báwo ni kí n ṣe polongo rẹ̀ lórí ayélujára?

Onígéèmù Òkè-Àrò

Mo kí gbogbo ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó wà níbí. Òkè-Àrò ní Àkúrẹ́ ni mo ń gbé, ó sì di ọdún kejì báyìí tí mo ti ń dá ṣe géèmù orí kọ̀ǹpútà kan pẹ̀lú Godot, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí a fi ń ṣe géèmù. Ọmọdébìnrin kan ru ìkòkò epo pupa, ó ń gun Òkè Ìdànrè lọ bá ìyá rẹ̀ àgbà láyé ìgbà tí ìlú ṣì wà lórí òkè, ó sì gbọ́dọ̀ dé ilé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó ń gbá géèmù náà ni yóò máa darí ẹsẹ̀ àti ọrùn ọmọ náà; bí ó bá kánjú jù, ìkòkò yóò fì, epo yóò sì dànù sórí àpáta. Ìyá mi àgbà, tí í ṣe ọmọ Ìdànrè, ni ó fi ohùn ara rẹ̀ ṣe ìyá àgbà inú géèmù náà.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo san dọ́là 100 tí Steam, ọjà géèmù kọ̀ǹpútà orí ayélujára, ń gbà lórí géèmù kọ̀ọ̀kan, tí mo sì ṣí ojú ewé rẹ̀ síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣe pósítà, ó ti pé 14, tí mo kọ orúkọ géèmù náà gàdàgbà sí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé ó ń bọ̀ láìpẹ́, mo sì ń gbé wọn sí Facebook, Instagram àti WhatsApp status mi. Àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí ń kí mi, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó ti fi géèmù náà sínú wishlist wọn (àkójọ géèmù tí wọ́n fẹ́ rà) lórí Steam kò ju 43 lọ. Ẹnìkan tún sọ fún mi pé Yorùbá tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀ ni kò ní jẹ́ kó tà, pé kí n yọ ohùn ìyá mi àgbà kúrò, kí n fi Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti gba oorun lójú mi. Ojú òpó wo ni ó yẹ kí n gbájú mọ́, kí sì ni kí n máa gbé síbẹ̀? Ṣé kí n yá owó láti fi ṣe ìpolówó ni?

Ọmọ Òǹdó

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o kú ìfaradà. Ìlú Òǹdó ni èmi wà. Mo ti gbé géèmù kéékèèké méjì jáde lórí itch.io, ojú òpó mìíràn tí a ti ń gbé géèmù síta, àti ọ̀kan lórí Steam, mo sì ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí. Jọ̀wọ́, má yá owó kankan. Ẹni tó náwó ìpolówó sórí ohun tí kò dá ènìyàn dúró, agbọ̀n ló fi ń pọn omi.

Mo lọ sí ojú ewé rẹ kí n tó kọ èyí, mo sì wo fídíò tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Pósítà dára fún ìnáwó, nítorí pé ẹni tó rí i ti mọ ẹni tó fẹ́ ṣe ìnáwó náà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí ńkọ́? Ohun tí yóò mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró ni kí ó rí i pé nǹkan kan fẹ́ ṣẹlẹ̀. Nínú fídíò rẹ, orúkọ rẹ ni ó kọ́kọ́ jáde, èéfín tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni orúkọ géèmù, ó sì di ìṣẹ́jú àáyá 31 kí ìkòkò tó yọjú. Lórí TikTok, Reels àti YouTube Shorts, àtàǹpàkò ẹni tó ń wò ó ti tì í kọjá tipẹ́. Gé gbogbo ìyẹn dànù. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọmọ náà ti gbé ẹsẹ̀ lé àpáta tó ń yọ̀, tí ìkòkò fì sí òsì, tí epo gun etí ìkòkò, tó fẹ́ dà, tí kò tíì dà; jẹ́ kí á gbọ́ igbe ìyá àgbà, kí o sì pa fídíò náà síbẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 12 ti tó. Jẹ́ kí àwòrán rẹ̀ wà lóòró kí ó lè kún ojú fóònù.

Kì í ṣe fídíò kan ṣoṣo ni mo ń sọ o. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni kí o máa gbé e jáde fún oṣù bíi mélòó kan, kí gbogbo wọn sì máa darí ènìyàn sí wishlist rẹ. Ìdí ni pé lọ́jọ́ tí géèmù bá jáde, Steam fúnra rẹ̀ ni yóò fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn tó ti fi í sínú wishlist wọn, nítorí náà ìwé orúkọ oníbàárà ni o ń kọ sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ yìí. Ìlìǹkì tí o ń kọ sábẹ́ àwòrán lórí Instagram kì í ṣeé tẹ̀. Inú bio rẹ ni kí o gbé e sí. Nǹkan mìíràn ni Steam Next Fest, àjọ̀dún géèmù tó ń bọ̀ lọ́nà lórí Steam, tó máa ń wáyé lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni géèmù kan lè kópa nínú rẹ̀ pẹ̀lú demo, ìyẹn apá kan géèmù tí ènìyàn lè gbá lọ́fẹ̀ẹ́. Má fi àǹfààní náà ṣòfò nísinsìnyí tí o ní ènìyàn 43. Jẹ́ kí fídíò kó èrò wá ná, kí o sì wọ èyí tó bá súnmọ́ ọjọ́ ìjáde rẹ jù lọ.

Aláṣọ Ọjà Ọba

Ọmọ mi, èmi kò gbá géèmù rí. Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ọjà Ọba níbí ní Àkúrẹ́, ọmọ mi obìnrin ló sì kọ́ mi bí a ṣe ń lo TikTok. Nígbà tí mo ń ya aṣọ tí a ká jọ sórí tábìlì, kò sẹ́ni tó bèèrè iye rẹ̀. Ọjọ́ tí mo ya ọwọ́ ara mi bí mo ṣe ń tú okùn kúrò lára aṣọ, tí funfun ń yọ díẹ̀díẹ̀ láàárín aró, ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, títí kan àwọn tó wà ní Kánádà. Nítorí náà, jẹ́ kí á rí ìyá rẹ àgbà. Jẹ́ kí á rí i níbi tó jókòó sí, tó ń kígbe sínú fóònù rẹ pé epo ti fẹ́ dànù. Kọ́kọ́ gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ o, kí o sì fi fídíò náà hàn án kí ẹlòmíràn tó rí i. Ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, dá a lóhùn lọ́jọ́ yẹn gan-an, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan péré.

Agbágéèmù FUTA

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA ni mí, mo sì ní ìkànnì YouTube kékeré kan tí mo ti ń gbá géèmù fún àwọn ènìyàn wò. Ẹ̀gbọ́n Onígéèmù, ẹ má dá ìpolongo yìí ṣe. Ọdún 2018 ni ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Amẹ́ríkà, Innersloth, gbé Among Us jáde, ṣùgbọ́n ọdún 2020 ni àwọn tó ń gbá géèmù fún àwọn ènìyàn wò ní tààràtà lórí Twitch àti YouTube tó gbé e dé ibi tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Èyí tó tún jọ tiyín jù ni Getting Over It, tó jáde ní ọdún 2017: ọkùnrin kan jókòó sínú ìkòkò, ó ń fi òòlù fa ara rẹ̀ gun òkè, àṣìṣe kan péré lè já a padà sílẹ̀ pátápátá. Ojú àwọn tó ń gbá a, nígbà tí wọ́n bá já bọ́, ni àwọn ènìyàn ń wò. Epo tiyín tó ń dànù yóò fa irú ojú bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá àwọn ìkànnì tó fẹ́ràn irú géèmù báyìí, kódà bí olùwò wọn kò bá pọ̀, kí ẹ kọ ìwé kúkúrú sí wọn pẹ̀lú fídíò ìṣẹ́jú àáyá 12 yẹn àti key ọ̀fẹ́ (nọ́ńbà tí a fi ń ṣí géèmù láìsanwó) tí Steam máa ń fún ẹni tó ni géèmù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí yín, tó ń béèrè key márùn-ún tàbí mẹ́wàá, ẹ fura sí i, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ń tà á ni. Ẹ wò ó bóyá ímeèlì tó fi kọ̀wé bá èyí tó wà lójú ìkànnì rẹ̀ mu.

Ní ti ohùn Yorùbá, mo bẹ̀ yín, ẹ má yọ ọ́. Ẹ kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́. Kiro'o Games ti Cameroon gbé géèmù wọn, Aurion, jáde ní ọdún 2016, ìtàn àti àṣà ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì gbé síwájú nígbà tí wọ́n ń wá owó lórí Kickstarter, ojú òpó tí àwọn ènìyàn ti ń dáwó fún iṣẹ́ tí kò tíì parí. Kò sí géèmù mìíràn tó ní ohùn ìyá yín àgbà.

Ibì kan wà tí n kò bá ẹ̀gbọ́n Ọmọ Òǹdó lọ tán. Ọ̀pọ̀ wa tó wà nílé níbí, fóònù Android nìkan ni a ní, Steam kò sì wúlò fún wa. Godot lè gbé géèmù jáde sórí bíráwúsà. Ẹ gé ìpele àkọ́kọ́, ẹ gbé e sórí itch.io lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ dán an wò lórí fóònù tí kò lágbára kí ó má baà jẹ dátà jù, kí ẹ wá fi ìlìǹkì rẹ̀ sí WhatsApp. Ẹbí tó ń ṣàdúrà fún yín yóò lè gbá a, wọn yóò sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ wọn tó ní kọ̀ǹpútà.

Ọmọ Òǹdó

O ṣeun, àbúrò, òótọ́ ni o sọ lórí fóònù. Èmi kò ro ti àwọn ará ilé mọ́ ọn. Kí ó kàn fi bọ́tìnnì kan sí òpin ìpele ọ̀fẹ́ náà, tí yóò gbé ẹni tó ní kọ̀ǹpútà lọ sí ojú ewé Steam rẹ̀.

Onígéèmù Òkè-Àrò

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, màmá mi ti Ọjà Ọba, àti ìwọ àbúrò mi ní FUTA. Àná ni mo gé fídíò náà. Nígbà tí mo wò ó lórí fóònù, mo rí i pé epo kò hàn lára àpáta dúdú, nítorí náà mo ti jẹ́ kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́, ó sì ń dán báyìí kí ó tó dà. Ohùn Yorùbá kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo ti pe ìyá mi àgbà, ó sì gbà kí n ya òun, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀sán Sátidé ni kí n wá sí Ìdànrè kí òun ti wé gèlè, àti pé òun fẹ́ tún igbe náà ké, nítorí pé bí òun ṣe ké e níjọ́sí, ńṣe ló dà bí ẹni pé omi ló dànù, kì í ṣe epo.