Iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ occupational therapist nínú ilé aláìsàn ní Ìlú Ọba

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Ìtọ́jú arúgbó ni mo ti ń ṣe ní London, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ occupational therapist (ẹni tí ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti tún lè máa ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ fúnra rẹ̀) sí ikọ̀ NHS, ètò ìlera ìjọba, tí ń lọ bá àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù nínú ilé wọn. Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀?

Èsì kìíní: Ẹ kú oríire. Ẹ kò ní máa wọṣọ fún aláìsàn mọ́. Ẹ ó dúró tì í kí ó wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, bí ó tilẹ̀ pẹ́. Apá tí kò lágbára ni yóò kọ́kọ́ kì bọ ẹ̀wù, ṣùgbọ́n bí ó bá ń bọ́ ọ, apá tí ó lágbára ni yóò kọ́kọ́ yọ. Àwọn ìdílé tiwa gan-an ni ó máa ń nira jù, nítorí pé ọmọ tí ó bá rí ìyá rẹ̀ tí ó ń bá bọ́tìnì jìjàkadì yóò rò pé ẹ kò láàánú. Ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún un.

Èsì kejì: Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tí àṣẹ yín mọ. Therapist tí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HCPC, àjọ tí ń ṣàkóso irú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bẹ́ẹ̀, ni ó ń pinnu ètò ìtọ́jú. Bí àga ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a gbé wá bá ga tó bẹ́ẹ̀ tí àtẹ́lẹsẹ̀ aláìsàn kò fi kanlẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì pe therapist náà kí ẹ tó yí ohunkóhun padà.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́. Ṣé ènìyàn lè ti ibẹ̀ di therapist?

Èsì kejì: Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀nà apprenticeship wà, tí ènìyàn yóò fi máa ṣiṣẹ́ gbowó, tí yóò sì máa kàwé gboyè.