Ìlù Ìjẹ̀ṣà tí ó gba Bahia wá sétí wa

Iléṣà ni wọ́n bí mi sí, ìdílé onílù sì ni ìdílé wa, síbẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ìlù kan wà ní Brasil tí wọ́n ń pè ní ijexá, tí í ṣe orúkọ àwa Ìjẹ̀ṣà gan-an. Agogo ló ń ṣáájú rẹ̀, ọwọ́ lásán ni wọ́n sì fi ń lu awọ. Inú ilé òrìṣà ni wọ́n ti ń lù ú fún Ọ̀ṣun àti Lógun Ẹdẹ, kí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ní ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brasil, tó dá ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy sílẹ̀ ní 1949, tí wọ́n wọ aṣọ funfun, tí wọ́n sì gbé e jáde sí ojú títì nígbà àjọ̀dún Carnaval. Ẹ rántí pé títí di 1976, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni àwọn ilé òrìṣà Bahia ti ń forúkọ sílẹ̀! Nígbà tí ẹgbẹ́ náà ń rẹ̀yìn ní àwọn ọdún 1970, gbajúmọ̀ olórin Brasil, Gilberto Gil, wọ inú rẹ̀, ó sì kọrin nípa wọn. Nígbà tí akọrin Brasil mìíràn, Clara Nunes, náà kọ ijexá sínú àwo ní 1982, orin yìí ti kúrò ní ti ará Bahia nìkan.

Mo gbé àwọn orin ijexá tó ní ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú fún àbúrò bàbá mi tí wọ́n ń lu dùndún, kí wọ́n gbọ́ ọ. Orúkọ Ọ̀ṣun ni wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀. Ìyókù ṣòro, nítorí ẹnu tó ti mọ́ èdè Potogí kì í ya ohùn òkè sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìsàlẹ̀, orin sì ń gbé ọ̀rọ̀ lọ síbi tó wù ú. Wọ́n bi mí pé, “Ṣé àwọn ọmọ tó ń kọ orin yìí lè kí ènìyàn káàárọ̀?” Mo ní, “Bàbá, púpọ̀ nínú wọn kò lè ṣe é.” Wọ́n mi orí.

Lójú tèmi, ìbéèrè náà le jù. Orin kò sọ wọ́n di ẹni tó lè fi Yorùbá ná ọjà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó mú kí wọ́n máa fi ohun tí wọ́n ti ń fi pamọ́ tẹ́lẹ̀ yangàn ní gbangba. Ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtumọ̀ ohun tó ń kọ yóò wá olùkọ́, Yunifásítì Bahia sì ní ibùdó ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà láti 1959, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní Yorùbá. Bàbá wá ní kí n wá ọ̀rọ̀ àwọn orin náà jáde, kí àwọn lè bá mi fi àmì ohùn sí i. Iṣẹ́ tí a ń ṣe lọ́wọ́ báyìí nìyẹn, a kò sì tíì kọjá orin kejì.