Ṣé ẹni tí kò gbọ́ èdè Ṣáínà lè gbádùn iṣẹ́ ọnà wọn?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ibi iṣẹ́ mi ń rán mi lọ sí Hong Kong lóṣù tó ń bọ̀, mo sì ti pinnu pé n óò wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé M+ tí wọ́n ṣí ní 2021, nítorí iṣẹ́ ọnà Ṣáínà òde òní tó lé ní 1,400 tí Uli Sigg, ará Switzerland, fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé n kò mọ lẹ́tà Ṣáínà kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kíkọ kún inú púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn. Ṣé n kò ní dà bí àlejò tó bá wọn jókòó sí ìpàdé ìdílé, tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ?

Èsì kìíní

Ẹ má fòyà rárá. Ní 2014, mo wo àfihàn iṣẹ́ ọnà Ṣáínà tí wọ́n fi yíǹkì ṣe ní Metropolitan Museum ní New York. Iṣẹ́ Xu Bing, oníṣẹ́ ọnà ará Ṣáínà, tó ń jẹ́ Ìwé Láti Ọ̀run wà níbẹ̀: wọ́n ṣí ìwé sílẹ̀ lọ rẹrẹ, wọ́n so tákàdá gbọọrọ rọ̀ láti àjà, lẹ́tà dúdú kéékèèké sì bo gbogbo rẹ̀. Ojú tì mí pé n kò lè kà á. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ ará Ṣáínà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó tẹjú mọ́ ìwé náà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. Òun náà kò rí i kà! Xu Bing ló fúnra rẹ̀ dá lẹ́tà bí 4,000 náà sílẹ̀ láàárín 1987 sí 1991, tó gbẹ́ wọn sára igi, tó sì fi wọ́n tẹ ìwé bí àwọn atẹ̀wé àtijọ́ ti ń ṣe, kò sì sí ọ̀kan tó ní ìtumọ̀ nínú wọn.

Èsì kejì

Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó lọ lọ́wọ́ òfo. Ní 2012, mo wo iṣẹ́ Song Dong, oníṣẹ́ ọnà ará Ṣáínà mìíràn, ní Barbican, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà kan ní London, níbi tó ti to ẹrù tó lé ní 10,000 tí ìyá rẹ̀ kó pamọ́ sílé: ìdérí ìgò, bàtà, ọ̀rá, ọṣẹ ìfọṣọ, ike ọṣẹ ìfọyín tó ti tán. Mo kọ́kọ́ sáré wò ó kọjá. Ìgbà tí mo ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri ni mo tó mọ̀ pé bàbá rẹ̀ kú ní 2002, pé ìbànújẹ́ náà fẹ́ bo ìyá mọ́lẹ̀, àti pé ìyá fúnra rẹ̀ ló bá ọmọ to ẹrù náà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pàtẹ rẹ̀ ní Beijing ní 2005. Mo padà sídìí àwọn ọṣẹ ìfọṣọ náà. Wọ́n ti gbẹ, wọ́n ti sán. Ìyá kó wọn pamọ́ nítorí pé ó ti rí ìgbà tí wọ́n ń fi ìwọ̀n pín ọṣẹ fún aráàlú. Mo rántí àwọn agolo mílíìkì abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá tèmi, n kò sì tètè kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ ka ìtàn Ṣáínà láti 1966 sí 1976 díẹ̀ kí ẹ tó lọ, ìyẹn ìgbà rògbòdìyàn ìjọba Mao tí wọ́n ń pè ní Cultural Revolution, kí ẹ sì fara balẹ̀ ka ara ògiri.

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Wákàtí méjì péré ni mo fẹ́ lò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti yọ odindi ọjọ́ kan sọ́tọ̀ báyìí.