Fọ́tò màmá mi, ibo ni kí n kó wọn sí báyìí?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn o. Hard drive tí mo kó gbogbo fọ́tò àti fídíò màmá mi tó ti dolóògbé sí ló jábọ́ látorí tábìlì lánàá, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó kàn ń dún kẹ̀ kẹ̀ kẹ̀ ni, kò ṣí. Ọpẹ́lọpẹ́ fóònù àbúrò mi, díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kó ìyẹn sórí Google Drive, ibi tí Google ti ń báni tọ́jú nǹkan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ àyè 15GB ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún mi, Gmail mi ti jẹ ẹ́ tán, dátà sì tún wọ́n. Ṣé kí n máa sanwó fún Google lóṣooṣù kí àyè lè pọ̀ sí i ni àbí kí n ra hard drive méjì, kí n gbé ọ̀kan sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi n'Íbàdàn? Èyí tó ń dún yẹn ńkọ́, ṣé kí n ṣì máa tàn án wò ni?