Katakata HP 18 ti ń jẹ mí níyà: ṣé kí n ra katakata ńlá fún éékà mẹ́rin?

Bàbá Àgbọn
Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Éékà mẹ́rin ni mo ń dá lójú ọ̀nà Ìtọ́ìkín sí Ẹ̀pẹ́. Àgbọn gba éékà kan ààbọ̀, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ló wà lórí èyí tó kù, àfi ìsàlẹ̀ tó jẹ́ àkùrọ̀. Ọdún kẹta rèé tí mo ra katakata kékeré kan, tòkunbọ̀ láti Japan, HP 18 (ìyẹn agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀). Gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, èdè wọn lọ́hùn-ún ni. Mi ò lè ka ẹyọ kan.

Ó ń gé koríko abẹ́ àgbọn dáadáa. Ìtúlẹ̀ ni wàhálà. Bí mo bá ti sọ irin ìtúlẹ̀ aláwo méjì kalẹ̀, táyà ẹ̀yìn á kàn máa yí lójú kan, á máa gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀. Bí mo bá gbé irin náà sókè láti yí padà, iwájú á fúyẹ́ bíi kó fò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi ṣéènì so kùkùté ọ̀pẹ kan mọ́ ọn, iwájú sì dìde ní tòótọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ kíláàṣì tí mo tètè tẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ mi ṣì ń bínú di òní.

Ẹnì kan ń ta HP 50 l'Ágbọ̀wá. Owó ìfẹ̀yìntì mi ló máa lọ sí i. Ṣé kí n rà á kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé?

Oníkatakata Ìta-Ọpọ́
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti kùkùté. Ibo lẹ so ṣéènì mọ́? Bó bá jẹ́ òkè ni, lára ásù (irin tó so táyà méjèèjì pọ̀) tàbí níbi tí apá òkè irin ìtúlẹ̀ ti ń wọlé, ẹ má dán an wò mọ́ láyé yín. Kùkùté ò ní yẹ̀, táyà ò ní yí, katakata á wá gbé ara rẹ̀ sókè, á dojú dé ẹni tó jókòó lé e. Kì í jẹ́ kéèyàn ráyè ké. Irin ìfà tó wà nísàlẹ̀ ásù la ti ń fa nǹkan. Ti ọ̀pẹ sì rèé, ọmọkùnrin méjì pẹ̀lú àáké àti ṣọ́bìrì á hú u kí oòrùn tó mú.

Ní ti táyà, agbára kọ́ ló kù, ìwúwo ni. Ẹ ní kí fọ́kánáísà fi jáàkì gbé ẹ̀yìn sókè, kó yí táyà títí fáàfù á fi wà lókè pátápátá, kó da omi sí i títí á fi dé ibi fáàfù yẹn. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin táyà nìyẹn, afẹ́fẹ́ ló máa wà nínú ìyókù. Lítà omi kan, kìlò kan: bí táyà kan bá gba lítà 80, ẹ ti fi kìlò 160 kún ẹ̀yìn láìra irin kankan. Àmọ́ omi ẹ̀yìn ò lè mú iwájú dúró o. Ẹ ní kí wẹ́dà ṣe férémù kékeré síwájú, kẹ́ ẹ po kọ̀ǹkéré sí i.

Àbí lẹ́fà fọ-wíìlì rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ ni?

Bàbá Àgbọn
Lẹ́fà wo?

Oníkatakata Ìta-Ọpọ́
Ha! Ẹ wo ásù iwájú. Bí ẹ bá rí ṣáàfù tó ti abẹ́ ẹ́ńjìnnì wá bá a, fọ-wíìlì ni, táyà iwájú náà lè máa fà pẹ̀lú tẹ̀yìn. Ẹ wá ọ̀pá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó.

Ìyá Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ Ejìnrìn
Bàbá, èmi ra ńlá. Éékà mọ́kànlá ni tèmi, mi ò kábàámọ̀, torí mo fi ń túlẹ̀ fún àwọn ará àdúgbò, owó yẹn ló ń ra dísù. Àmọ́ ọdún àkọ́kọ́, ojú mi rí nǹkan. Gbogbo irin tí mo ní tẹ́lẹ̀ ni kò wọ̀ ọ́, ihò wọn kéré ju píìnì rẹ̀ lọ. Mo gbé e wọ àkùrọ̀, ó rì dé ásù, ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Ibi tó sì ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn, omi ò rọ̀nà wọlẹ̀ mọ́, ẹ̀gẹ́ ibẹ̀ jẹrà ni. Báwo lẹ ṣe fẹ́ yí tọ́ọ̀nù méjì láàárín àgbọn? Ẹ máa háyà ńlá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún fún ìtúlẹ̀ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ fi kékeré ṣe ìyókù.

Bàbá Àgbọn
Mo ti rí ọ̀pá náà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń fi ọ̀rá obì mi kọ́ ọ. Mo fà á láàárọ̀ yìí, táyà iwájú gbá ilẹ̀ mú, mo tú aporo mẹ́fà láìdúró. Mo bú ara mi títí.

Ó ṣì ń fúyẹ́ níwájú tí mo bá fẹ́ yí, nítorí náà wẹ́dà àti fọ́kánáísà ń bọ̀ ní Sátidé. Mo ti sọ fún ará Agbọ̀wá pé kó má dúró dè mí. Ìbéèrè kan ló kù: mo wo òyìnbó kan lórí YouTube, iyọ̀ kan ló pò mọ́ omi táyà rẹ̀. Níbo ni wọ́n ti ń tà á?

Oníkatakata Ìta-Ọpọ́
Kí omi má bàa di yìnyín nígbà òtútù ni wọ́n ṣe ń fi sí i lọ́hùn-ún, ẹ̀gbọ́n. Ìgbà wo ni omi dì l'Ẹ́pẹ̀ẹ́? Rímù yín ni iyọ̀ yẹn máa jẹ. Omi kànga ni kẹ́ ẹ lò. Tẹ́ ẹ bá sì ti gun títì, ẹ dá ọ̀pá fọ-wíìlì yẹn padà o.